Ẹja Tí A Fi Igi Gbẹ́

Ẹni tí ó bá gba Kétu kọjá lọ sí Mile 12, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lè rò pé ọjà títà nìkan ni iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata kún ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn alábàárù ń ké "Àgò!" láàárín èrò, àwọn awakọ̀ sì ń pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ariwo yìí ni Odò Ògùn gbé ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Láti agbègbè Ṣakí ni odò náà ti wá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń lọ já sínú ọ̀sà Èkó. Ní ẹ̀bá omi yìí ni Agboyi wà, ìletò àwọn apẹja, tí ó jẹ́ pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kétu tí wọ́n sì ń fi í bọ̀ wálé.

Ní irú àgbègbè báyìí, ọmọdé a máa mọ àwọ̀n, ìgèrè àti ìwọ̀ kí ó tó mọ ìwé. Olúkúlùkù ohun èlò wọ̀nyí ni ó ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àwọ̀n a máa ká ẹja mọ́. Ìgèrè a máa gbà á wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ó rí ọ̀nà jáde. Ìwọ̀ nìkan ni kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Bí a bá ju irin lásán sínú omi, ẹja kò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìjẹ lẹ́nu, èyí nì ni oúnjẹ tí a fi ń tan ẹja: ekòló, edé, tàbí ẹja wẹ́wẹ́.

Ìjẹ wíwá kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí okùn kan bá ní ọgọ́rùn-ún ìwọ̀, ọgọ́rùn-ún ìjẹ ni apẹja yóò wá kí ó tó lè ju okùn náà sómi. Bí oòrùn bá pa ìjẹ, yóò rà. Bí àwọn ẹja kéékèèké bá rí i, wọn yóò máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀ yóò fi kù ní òun nìkan. Bí ẹja ńlá bá sì gbé e, a tún gbọ́dọ̀ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni apẹja ṣe ń pẹja nígbà méjì: ó ń kọ́kọ́ pa ẹja kékeré, kí ó tó lè rí ẹja ńlá pa. Wákàtí tí ó fi ń wá ìjẹ jẹ́ wákàtí tí owó kò wọlé, ebi kò sì mọ̀ pé ìjẹ ni baba ṣì ń wá.

Kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀sà Èkó nìkan ni ìṣòro yìí ti ń bá apẹja fínra. Ó bá ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Finland, ní àríwá Yúróòpù, níbi tí òtútù ti ń sọ omi adágún di yìnyín fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Lauri Rapala ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní ọdún 1905. Tálákà ni, iṣẹ́ ẹja pípa àti iṣẹ́ igi gígé nínú igbó ni ó sì fi ń bọ́ ìdílé rẹ̀. Lórí adágún Päijänne ni ó ti ń pẹja, ẹja wẹ́wẹ́ ni ó sì ń fi sí ẹnu ìwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ọkùnrin yìí ti ń tukọ̀ lọ tí ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ kò sinmi. Ó kíyè sí i pé bí ẹja apẹ̀ran bá kọlu agbo ẹja kéékèèké, kì í lé gbogbo wọn. Èyí tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ dáadáa láàárín wọn ni ó máa ń gbá mú, èyí tí ara rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí ó fi ara pa. Ìdí rẹ̀ kò farasin: ẹni tí ebi ń pa kì í lé ẹran tí ó lè sá, nígbà tí èyí tí ó ń tiro wà nítòsí. Rapala wá rò ó pé bí òun bá lè ṣe ẹja kan tí ń tiro nínú omi, tí kì í rà, tí kì í sì í kú, òun yóò bọ́ lọ́wọ́ ìjẹ wíwá.

Ní ọdún 1936 ni ó gbẹ́ ẹja rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó já sí ohun tí ó fẹ́. Èèpo igi fífúyẹ́ tí a fi ń dí ẹnu ìgò ni ó fi ṣe ara rẹ̀. Ọ̀bẹ àwọn tí ń rán bàtà ni ó fi gbẹ́ ẹ. Kò ní owó ọ̀dà olówó iyebíye. Bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì ni ó fi bò ó kí ó lè máa kọ mànà bí ìpẹ́ ẹja, ó sì yọ́ fíìmù àwòrán tí wọ́n ti lò tì láti fi kùn ún lára, kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, igi balsa tí ó ń wá láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó wá ń lò. Àwọn àlejò tí wọ́n wá sí ìdíje Òlíḿpíkì ní Helsinki ní ọdún 1952 mú ìròyìn ẹja igi náà dé òkèèrè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1962, ìwé ìròyìn Life ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa rẹ̀, àwọn ènìyàn sì béèrè fún un ju èyí tí wọ́n lè ṣe lọ. Rapala kú ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ẹja ìtànjẹ tí a ń tà káàkiri àgbáyé.

Ohun tí apẹja yìí ṣe kò ju agbára ọmọ Kétu lọ. Ọ̀bẹ mímú, igi fífúyẹ́, wáyà, ọ̀dà àti sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Igi ni a ó kọ́kọ́ yàn. Ìrókò àti apá jẹ́ igi dáradára fún ilẹ̀kùn àti àga, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹja tí a bá fi wọ́n gbẹ́ kì í fẹ́ mira. Igi ahùn ni ó dára jù. Ó funfun, ó rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó ìdajì ìwọ̀n omi tí ó bá tó o ní títóbi. Ìdí nìyí tí ó fi ń léfòó tí àyè sì wà láti fi ohun wúwo díẹ̀ kún un. Igi náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Bí a bá gbẹ́ ẹ ní tútù, yóò sún kì, yóò sì là lẹ́yìn tí a ti kùn ún tán.

Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá a máa pín iṣẹ́ wọn sí ọ̀nà mẹ́rin: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Ẹni tí ń gbẹ́ ẹja náà lè tọ ipa ọ̀nà wọn. Ní ọnà lílé, a ó gé igi tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tí ó ga tó 2, tí ó sì nípọn tó 1.5. A ó gé páálí ní àwòrán ẹja, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi náà ní ọ̀tún àti ní òsì, a ó sì fi pẹ́ńsù yí i ká. Lẹ́yìn èyí ni a ó fa ìlà kan gbọọrọ ní àárín ẹ̀yìn rẹ̀, a ó sì fa irú rẹ̀ ní àárín ikùn. A kò gbọdọ̀ pa ìlà méjèèjì yìí rẹ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí, nítorí àwọn ni yóò máa fi hàn bóyá ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Nígbà náà ni a ó fi ọ̀bẹ gé àwọn igun igi náà kúrò. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ máa lọ sí iwájú, kí ó má ṣe kọjú sí ọwọ́ tàbí àyà ẹni tí ń gbẹ́ ẹ.

Ní àlétúnlé, orí, ikùn àti ìrù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ikùn yóò yọ díẹ̀, ìrù yóò sì tín-ín-rín. Ibí ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jùlọ. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi ìwọ̀nba díẹ̀ nípọn ju èkejì lọ, ojú lè má rí i, ṣùgbọ́n omi yóò rí i. Ẹja náà yóò máa dojú bolẹ̀ tàbí kí ó máa yí po. Lẹ́yìn náà ni dídán yóò tẹ̀ lé e. Bébà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà ń lò ni a ó fi máa ra á lára, láti orí èyí tí ó le dé orí èyí tí ó kúnná, títí ara igi yóò fi dán bí awọ ọmọ tuntun.

Kí ó tó kan fínfín, a ní láti fún ẹja náà ní egungun. A ó fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ la ikùn rẹ̀ ní orí ìlà tí a ti fà, láti ẹnu títí dé ìrù. A ó fi ẹ̀mú tẹ wáyà tí kì í dípẹtà, kí ó ní òrùka mẹ́ta: ọ̀kan ní ẹnu, níbi tí a ó so okùn mọ́, ọ̀kan ní ikùn àti ọ̀kan ní ìrù, níbi tí a ó fi ìwọ̀ kọ́. Wáyà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan láti orí dé ìdí. Bí a bá kàn gún òrùka mọ́ igi lásán, ẹja ńlá yóò fà á yọ pẹ̀lú ìwọ̀. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá jẹ́ ẹyọ kan, agbára ẹja yóò bọ́ sórí irin. A ó tún fi ìṣó kúkúrú kan tàbí méjì sínú ikùn, kí ó lè máa fà á dúró ṣinṣin. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi àtè tí a pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi dí ojú ibi tí a là.

Àwọn mìíràn a máa yọ́ òjé sínú ikùn náà nítorí ó wúwo ju irin lọ. Ọmọ ilé-ìwé kò gbọdọ̀ dán an wò. Òjé jẹ́ májèlé. Èéfín àti eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Ìṣó ti tó fún iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ó kù ni ètè. Ike líle pẹlẹbẹ kan ni a ó gé roboto ní iwájú, tí a ó sì fi há abẹ́ ẹnu ẹja náà ní dídagun. Ètè yìí ni ó ń fún igi ní ẹ̀mí. Bí a bá ń fa okùn, omi yóò tẹ ètè náà mọ́lẹ̀, orí yóò sì wọ inú omi. Ṣùgbọ́n omi kò lè dúró lórí ètè. Yóò yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ, ara ẹja yóò sì fì sí òdìkejì. Ìṣó inú ikùn yóò fà á padà, omi yóò tún yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ó ti ń ṣe èyí léraléra ni ó ń tiro bí ẹja tí ó fara pa. Bí ètè bá nà síwájú, ẹja yóò wọ ìsàlẹ̀ omi lọ. Bí ó bá dúró ṣánṣán, kò ní í jìnnà sí òkè.

Nínú fínfín ni a ti ń fi ọ̀bẹ ya ojú, ẹnu àti ìpẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ a máa fẹ́ràn ibí yìí ju gbogbo ibi yòókù lọ, nítorí ó ń dùn mọ́ ojú. Ṣùgbọ́n ère tí a gbé sínú ilé lè parí síbẹ̀. Ẹja igi kò lè parí síbẹ̀, nítorí inú omi ni yóò gbé. Igi ní ihò tín-ín-rín púpọ̀ nínú, èyí tí ó fi ń fa omi nígbà tí ó wà láàyè. Bí a ti gé e lulẹ̀ kò mú kí àwọn ihò náà dí. Bí omi bá rí àlàfo tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, yóò wọlé. Igi yóò wú, ọ̀dà yóò là, ìwọ̀n rẹ̀ yóò yí padà, ẹja tí ó ń tiro lánàá yóò sì di èèpá igi tí a ń wọ́ nílẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe gbọ́dọ̀ fi fáníìṣì bò ó kí a tó fi ọ̀dà kankan kàn án. A ó rì í bọ inú fáníìṣì, a ó gbé e kọ́ títí yóò fi gbẹ, a ó fi bébà oníyanrìn tí ó kúnná ra á díẹ̀, a ó sì tún rì í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kéré jù. Ẹ̀bá òrùka wáyà àti ìdí ètè ni kí a wò jùlọ, nítorí ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ ní Èkó tí afẹ́fẹ́ sì tutù, fáníìṣì kì í tètè gbẹ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀dà lé e ní tútù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni ó ń nini lára.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀dà. Ẹ̀yìn ẹja ni a ó kùn ní dúdú tàbí àwọ̀ ewé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ fàdákà, ikùn rẹ̀ ní funfun. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá ṣe kun ọ̀pọ̀ ẹja inú omi. Ẹni tí ó bá wo ẹja láti òkè yóò rí ẹ̀yìn dúdú lórí omi dúdú. Èyí tí ó bá wò ó láti ìsàlẹ̀ yóò rí ikùn funfun lójú ọ̀run tí ó mọ́lẹ̀. A ó fi ojú sí i, a ó sì tún fi fáníìṣì bò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a tó gbé e lọ sí odò, a ó dán an wò nínú àgbá omi. Bí ó bá dojú dé, ikùn rẹ̀ fúyẹ́ jù. Bí ó bá ń yà sí òsì, a ó fi ẹ̀mú tẹ òrùka ẹnu rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Bí ó bá ń yà sí ọ̀tún, a ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Rapala pàápàá kì í ta èyí tí a kò tíì dán wò nínú omi.

Kì í ṣe gbogbo ẹja ni igi lè tàn. Epìyà kì í sábà lé ẹja kiri. Ewé àti èérí inú omi ni ó ń jẹ. Àrọ̀ ń fi irùngbọ̀n rẹ̀ àti òórùn wá oúnjẹ, igi kò sì ní òórùn ẹran. Ṣùgbọ́n kútà, eléyín mímú, jẹ́ ọdẹ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òkun bá wọ inú ọ̀sà Èkó, irú rẹ̀ a máa bá a wọlé, kì í sì í lè rí ohun tí ń tiro kí ó fi í sílẹ̀. Ẹja ní ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, láti ẹ̀bá orí títí dé ìdí ìrù, tí ó fi ń mọ ohun tí ń mira nínú omi. Nítorí náà, bí omi tilẹ̀ dàrú tí ojú kò ríran jìnnà, ó ṣì lè mọ̀ pé nǹkan ń bẹ nítòsí. Ọ̀dà ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mímira ni ó ń pe ẹja.

Ọmọdé kò gbọdọ̀ torí pé ó ní ẹja igi kí ó dá nìkan wọ ọkọ̀. Ní ìgbà òjò, Odò Ògùn a máa kún. Bí wọ́n bá sì tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, omi lè bo ilé àti ọ̀nà ní Agboyi àti ní àwọn apá kan Kétu. Irú omi bẹ́ẹ̀ kò mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Bí a bá kó ẹja igi mẹ́wàá sílẹ̀, tí ọwọ́ mẹ́wàá ṣe, ó lè ṣòro fún olùwòran láti mọ èyí tí ó dára. Gbogbo wọn lè dán, gbogbo wọn lè ní ojú àti ìpẹ́. Àwọn ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ farasin: ìlà àárín tí a kò pa rẹ́, wáyà tí ó jẹ́ ẹyọ kan, fáníìṣì tí a fi sílẹ̀ kí ó gbẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò. Odò kì í yẹ ọ̀dà wò. Ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀dà ni ó ń yẹ̀ wò, lójoojúmọ́, láìgba àwáwí. Àwọn àgbà ti sọ pé ìwà lẹwà. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà hàn lára ènìyàn, ó sì hàn lára ẹja tí a fi igi gbẹ́.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó mú kí ìjẹ wíwá jẹ́ ìnira fún apẹja tí ń lo ìwọ̀?
2. Kí ni Lauri Rapala kíyè sí nípa ẹja apẹ̀ran, báwo ni ó sì ṣe lo ohun tí ó rí?
3. Dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí àwọn agbẹ́gilére ń pín iṣẹ́ wọn sí, kí o sì ṣàlàyé ohun tí a ń ṣe lára ẹja igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
4. Ṣàlàyé bí ètè ẹja igi ti ń mú kí ó tiro nínú omi.
5. Èéṣe tí fínfín kò fi lè jẹ́ òpin iṣẹ́ lára ẹja igi, bí ó tilẹ̀ lè jẹ́ òpin iṣẹ́ lára ère?
6. Kọ àròkọ kan lórí iṣẹ́ ọwọ́ kan tí o mọ̀ ní àdúgbò rẹ, kí o sì fi hàn ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ bí ẹni tí ń ṣe é kò bá ní sùúrù.